Kí ni a lè fi mọ̀ bóyá ọwọ́ ìkọlù ẹgbẹ́ yunifásítì Amẹ́ríkà yóò múná kí sáà tó bẹ̀rẹ̀?

Ọmọ Ọbańta, Ìjẹ̀bú-Òde, béèrè pé:

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ń gbá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré tí wọ́n sì ń jù, ní yunifásítì kan lọ́hùn-ún. Ó wà lára àwọn márùn-ún tó máa ń dúró níwájú kọ́tábákì, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, láti dínà mọ́ àwọn alátakò, apá òsì ẹni àárín gan-an sì ni àyè tirẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé ibẹ̀ ni ó ti ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá. Sáà tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún un pé òun ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ eré. Ìdùnnú ńlá ni èyí jẹ́ fún ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, àti fún àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni pé láti oṣù Keje ni àwọn ìwé ìròyìn àti àwọn elétò orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ń sọ pé ọwọ́ ìkọlù ẹgbẹ́ náà yóò dẹ́rù bani lọ́dún yìí. Ìdí tí wọ́n ń sọ kò ju méjì lọ: wọ́n gba kọ́tábákì tuntun kan láti yunifásítì mìíràn, orúkọ rẹ̀ sì ń dún káàkiri; àwọn méjì tó gba bọ́ọ̀lù jù lọ ní sáà tó kọjá sì tún wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ kan náà ni èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ rí àmì kó jọ ní sáà tó kọjá, mẹ́ta nínú àwọn márùn-ún iwájú ló sì ti lọ. Mo ka gbogbo àpilẹ̀kọ tí ọwọ́ mi tẹ̀, n kò rí ibi tí ẹnikẹ́ni ti dárúkọ àwọn tí yóò rọ́pò wọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú wọn ni ọmọ wa.

Kí ni ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ mọ òtítọ́ wò kí sáà tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé kọ́tábákì ni, àbí àwọn tó padà wá, àbí akọ́nimọ̀ọ́gbá tó ń pàṣẹ ìkọlù? Ìyá rẹ̀ ti ń sọ fún gbogbo ènìyàn pé ẹgbẹ́ ọmọ òun ni yóò gba ife, n kò sì fẹ́ kí a di ẹrù ìrètí tí kò nídìí lé ọmọ kékeré lórí.

Ará Ṣágámù fèsì pé:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire ọmọ wa. Ọlọ́run yóò pa á mọ́ kúrò lọ́wọ́ ìfarapa. Ibi tí àwọn akọ̀ròyìn kò yà sí yẹn gan-an ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Àwòrán kọ́tábákì ni wọ́n ń gbé sí iwájú ìwé, ṣùgbọ́n ìṣẹ́jú-àáyá bíi mẹ́ta péré ni ó máa ń ní láti fi wo pápá kí ó tó ju bọ́ọ̀lù, àwọn márùn-ún iwájú ni wọ́n sì ń ṣí àyè yẹn sílẹ̀ fún un. Ewùrà ni wọ́n nínú ìkọ́kọrẹ́: ẹja gbígbẹ lè pé, kí edé àti ata pé, bí ewùrà kò bá ti dára, ohun tí a ó gbé kalẹ̀ kò ní jẹ́ ìkọ́kọrẹ́.

Ẹ wo Texas ní sáà 2025. Àwọn akọ̀ròyìn tó ń dìbò fún AP, iléeṣẹ́ ìròyìn Associated Press, láti to àwọn ẹgbẹ́ sí ipò fi wọ́n sí ipò kìíní kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí Texas rí láti ìgbà tí ìbò náà ti wà. Arch Manning ni kọ́tábákì wọn, ọmọ ìdílé Manning, tí Peyton àti Eli jẹ́ àbúrò bàbá rẹ̀. Orúkọ bẹ́ẹ̀ kò ní ṣe kó má wú ènìyàn lórí. Ṣùgbọ́n mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún tó dúró níwájú ní sáà 2024 ti lọ, títí kan Kelvin Banks, tí New Orleans Saints mú ní ipò kẹsàn-án nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ NFL, líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù yìí ṣiṣẹ́ ṣe, ń yan ọmọ tuntun ní 2025. Ní eré àkọ́kọ́, Ohio State na Texas ní 14 sí 7. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá, Florida náà na wọ́n ní 29 sí 21. Wọ́n borí eré mẹ́wàá, wọ́n pàdánù mẹ́ta, èyí tí kì í ṣe ohun ìtìjú rárá, ṣùgbọ́n ohun tí a ń retí lọ́wọ́ ẹni ipò kìíní kọ́ nìyẹn. N kò sọ pé ìlà iwájú nìkan ló fà á, nítorí àwọn adènà Ohio State, ìyẹn àwọn tó ń dá ìkọlù dúró, lágbára púpọ̀ lọ́dún náà. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó bá ti ka orúkọ àwọn tó lọ ti ní ìdí láti rọra retí kí oṣù Kẹjọ tó dé.

Kí ẹ má sì ṣe rò pé iṣẹ́ tí kò lórúkọ ni ọmọ yín ń ṣe. Láti 2015 ni wọ́n ti ń fún ìlà iwájú tó dára jù lọ ní àmì-ẹ̀yẹ tí wọ́n ń pè ní Joe Moore, gbogbo ìlà náà ni wọ́n sì ń fún, kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo. Michigan gbà á ní 2021, wọ́n tún gbà á ní 2022. Ní 2022 yìí ni Olusegun Oluwatimi, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ti sọ irú ọmọ tó jẹ́, kúrò ní Virginia wá di ẹni àárín fún Michigan. Ó gba àmì-ẹ̀yẹ Outland àti ti Rimington lọ́dún kan náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì borí eré 13 nínú 14. Olumuyiwa Fashanu náà dúró ní ìkángun apá òsì fún Penn State títí tí New York Jets fi mú un ní ipò kọkànlá ní 2024. Inú mi máa ń dùn bí mo bá gbọ́ tí àwọn òyìnbó ń forí pe orúkọ wọn, ká tiẹ̀ sọ pé ìpè náà kò gún.

Ohun tó yẹ kí ẹ bi ọmọ ni pé, àwọn mélòó nínú márùn-ún náà ni wọ́n ti jọ ń dúró pọ̀ láti ìdánrawò oṣù Kẹta? Iṣẹ́ àjọṣe ni. Bí adènà méjì bá pààrọ̀ ọ̀nà mọ́ ọn lójú, tí òun àti ẹni àárín kò sì tètè fi ara wọn mọ ẹni tí oníkálukú yóò mú, ẹnì kan yóò yọ sí kọ́tábákì láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá lọ gbá eré ní pápá àwọn ẹlòmíràn tí ariwo sì bo gbogbo ibẹ̀, kọ́tábákì kò lè fi ohùn pe bọ́ọ̀lù mọ́. Ọ̀kan nínú àwọn méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni àárín ni yóò bojú wẹ̀yìn wo àmì tí kọ́tábákì ń fi ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ ṣe, tí yóò sì fọwọ́ gbá ẹni àárín lára kí ó lè mọ̀ pé àsìkò tó láti fi bọ́ọ̀lù ránṣẹ́ sẹ́yìn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọmọ wa ni wọn yóò gbé iṣẹ́ yẹn lé lọ́wọ́, bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀ tàbí kí ó yá jù, gbogbo ẹgbẹ́ ló máa jìyà rẹ̀.

Àǹtí Ìkẹ́nné fèsì pé:

Ẹ kú ìjókòó, Ẹ̀gbọ́n. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi ará Ṣágámù lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn pé ìlà iwájú ni kí a kọ́kọ́ wò. Bó bá ṣe pé àwọn tó padà wá ni wọ́n ń pinnu ọ̀ràn, Clemson ìbá ti fi ọwọ́ ìkọlù rẹ̀ da gbogbo ènìyàn láàmú ní 2025. Cade Klubnik tó jẹ́ kọ́tábákì wọn padà wá, àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù lọ́wọ́ rẹ̀ padà wá, ọ̀pọ̀ nínú àwọn márùn-ún iwájú náà padà wá, ẹni tó ń pàṣẹ ìkọlù kò sì kúrò níbẹ̀. Àwọn akọ̀ròyìn fi wọ́n sí ipò kẹrin. LSU bá wọn nílé, àmì mẹ́wàá péré ni wọ́n rí, LSU sì fi 17 borí. Georgia Tech àti Syracuse tún lù wọ́n, débi pé nígbà tí wọ́n gbá eré mẹ́rin tán, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ti jáwé olúborí.

Ohun tí èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè ni ẹni tó ń pàṣẹ eré, àti ohun tó fẹ́ fi àwọn ọmọ náà ṣe. LSU ti 2018 àti ti 2019 ni ẹ̀rí mi. Kọ́tábákì kan náà ni, Joe Burrow. Akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà kan náà ni, Ed Orgeron. Ní 2018, ìpíndọ́gba àmì wọn jẹ́ 32.4 nínú eré kan, Burrow sì ju touchdown 16, ìyẹn bọ́ọ̀lù tó dé ìkángun pápá àwọn alátakò, ní gbogbo sáà. Wọ́n wá mú Joe Brady, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, wá láti New Orleans Saints. Òun àti Steve Ensminger tó jẹ́ olórí ìkọlù jọ ṣiṣẹ́, wọ́n ń fọ́n àwọn tó ń gba bọ́ọ̀lù ká sí gbogbo ìbú pápá, wọ́n sì ń rán márùn-ún jáde lẹ́ẹ̀kan náà, tó fi jẹ́ pé àwọn adènà kò mọ ẹni tí wọn ìbá fi ẹni méjì ṣọ́. Àmì wọn di 48.4 nínú eré kan, touchdown tí Burrow jù di 60, wọ́n borí gbogbo eré 15 tí wọ́n gbá, wọ́n sì gba ife. Ẹni tó bá ń wo orúkọ nìkan ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019 yóò rí kọ́tábákì tí a ti rí iṣẹ́ rẹ̀, kò sì ní rí ohun tó ń bọ̀ rárá. Lẹ́yìn tí Brady lọ, tí Burrow àti ọ̀pọ̀ àwọn yòókù náà sì lọ, eré márùn-ún ni wọ́n borí nínú mẹ́wàá ní 2020.

N óò fi kún un, kí n má bàa yan ará Ṣágámù jẹ, pé ìlà iwájú LSU ni wọ́n fún ní Joe Moore ní 2019.

Ọmọ Ọbańta, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin méjèèjì. Mo bi ọmọ náà lórí fóònù. Ó ní àwọn mẹ́rin ni wọ́n ti jọ wà pọ̀ láti ìdánrawò oṣù Kẹta, ẹnì karùn-ún, tí yóò dúró ní ìkángun apá ọ̀tún, ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹni tó ń pàṣẹ ìkọlù jẹ́ tuntun, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa yára, kí wọ́n má máa kóra jọ sọ̀rọ̀ láàárín ìgbìyànjú kan sí òmíràn. Ó ní ó ń rẹ òun ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó ní ó ń rẹ àwọn adènà tí àwọn jọ ń dánra wò ju àwọn lọ.

Ìwé kan sọ pé ìpíndọ́gba àmì wọn yóò kọjá 35 nínú eré kan. Ṣé ènìyàn lè gbára lé irú iye bẹ́ẹ̀?

Olùkọ́ Ìlíṣàn fèsì pé:

Alàgbà, ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo iye yẹn, nítorí iye àmì nínú eré kan máa ń tan ènìyàn jẹ. Ẹgbẹ́ tó bá ń yára yóò gba bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ lọ́pọ̀ ìgbà ju ẹgbẹ́ tó ń rọra lọ, nítorí náà àmì rẹ̀ lè pọ̀ láìjẹ́ pé ó dára jù. Tennessee ní 2022, lábẹ́ Josh Heupel, ni ẹgbẹ́ tó yára jù tí mo gbádùn láti wò: wọn kò sí nínú 25 tí AP kà kí sáà náà tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ìpíndọ́gba àmì wọn jẹ́ 46.1, kò sì sí ẹgbẹ́ tó jù wọ́n lọ lọ́dún náà. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, wọ́n na Alabama ní 52 sí 49. Ẹ wá fi wọ́n wé Army ní 2024. Àwọn yẹn kì í kánjú rárá. Wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù sáré ní yáàdì mẹ́ta mẹ́ta, wọ́n ń fi àkókò ṣòfò mọ́ àwọn alátakò lọ́wọ́, kọ́tábákì wọn Bryson Daily sì fi ẹsẹ̀ gba touchdown 32. Wọ́n borí eré 12 nínú 14. Bí a bá ka àmì nínú eré kan nìkan, a ó ṣi irú ọwọ́ ìkọlù bẹ́ẹ̀ wò. Ohun tó tọ́ ni pé kí a fi iye ìgbà tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù sọ́wọ́ pín àmì wọn.

Òfin náà ti yí padà. Láti 2023, aago kì í dúró mọ́ bí ẹgbẹ́ bá ti kó yáàdì mẹ́wàá tí ó ní ìgbìyànjú mẹ́rin láti kó pé, àfi ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn ìdajì kọ̀ọ̀kan. Ìgbìyànjú tó wà nínú eré kan ti dín kù, nítorí náà kí ẹ má ṣe gbé 35 ti òní lé orí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú 35 ti ọdún 2018.

Kí ẹ tún wo àwọn tí wọ́n fẹ́ bá gbá. Àwọn ẹgbẹ́ ńlá sábà máa ń fi ẹgbẹ́ kékeré bẹ̀rẹ̀ sáà, wọn a sì kó àmì 50 tàbí 60 lé wọn lórí, tí iye yẹn yóò sì máa gbé ìpíndọ́gba wọn ró títí di oṣù Kọkànlá.

Ohun kan wà tó ń kọ mí lóminú nínú ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Bí ẹgbẹ́ tó ń yára bá kùnà nígbà mẹ́ta léraléra, tí wọ́n sì ní láti gbá bọ́ọ̀lù dànù, kò ní ju ìṣẹ́jú kan lọ tí àwọn adènà tiwọn yóò tún fi padà sórí pápá láìsinmi. Florida State ní 2024 kò fi bẹ́ẹ̀ yára, ṣùgbọ́n ẹ rántí ohun tí ìkùnà ìkọlù fojú wọn rí: wọ́n borí 13 nínú 14 ní 2023, AP fi wọ́n sí ipò kẹwàá ní 2024, Georgia Tech nà wọ́n ní eré àkọ́kọ́ ní ìlú Dublin ní 24 sí 21, àmì wọn kò sì tó 16 ní ìpíndọ́gba nígbà tí sáà parí. Eré méjì ni wọ́n borí nínú 12. Ẹ jẹ́ kí ìyá ọmọ gbọ́ ìtàn yìí pẹ̀lú ìfẹ́ àti sùúrù, kí ó lè mọ̀ pé ipò tí ìwé ìròyìn fi ènìyàn sí kì í bá ènìyàn wọ orí pápá.

Ará Ṣágámù tún fèsì pé:

Àǹtí, mo gba ọ̀rọ̀ Clemson, ṣùgbọ́n pé ènìyàn padà wá kò sọ pé ó mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lẹ̀. Àwọn tó ń ka iye àwọn tó padà kì í sábà béèrè bóyá wọ́n ṣe dáadáa nígbà tí wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ wo Indiana ní 2025 kan náà. Wọn kò sí nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ tí AP kà ní oṣù Kẹjọ. Fernando Mendoza, kọ́tábákì tí wọ́n gbà láti California, ni gbogbo ènìyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì tọ́ sí i, nítorí òun ló gba Heisman, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n tún mú Pat Coogan, ẹni àárín Notre Dame tó ti gbá eré àṣekágbá ní oṣù Kìíní ọdún 2025, wá síwájú rẹ̀. Curt Cignetti tó jẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà wọn àti Mike Shanahan tó ń pàṣẹ ìkọlù fún un ti jọ ṣiṣẹ́ ní James Madison kí wọ́n tó dé Indiana rárá. Wọ́n borí gbogbo eré 16, wọ́n na Miami ní 27 sí 21 láti gba ife. Ẹni tó ń pàṣẹ, ẹni tó ń jù, àti ẹni tó ń dí ọ̀nà, kò sí èyí tó jẹ́ ọmọdé nídìí iṣẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n, bí eré àkọ́kọ́ bá dé, ẹ má ṣe tẹjú mọ́ bọ́ọ̀lù. Ẹ wo àyè tí ọmọ wa wà. Bí ó bá ku yáàdì kan tàbí méjì ní ìgbìyànjú kẹta, tí gbogbo ènìyàn tó wà ní pápá sì mọ̀ pé wọn yóò gbé e sáré, ṣé òun àti ẹni àárín ń ti adènà tó wà níwájú wọn sẹ́yìn, àbí ibi tí wọ́n ti pàdé ni wọ́n dúró sí? Bí kọ́tábákì bá fẹ́ jù ú, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró sójú kan tó fi rí ẹni tó ń jù ú sí, àbí sísá ló ń sá kiri? Bí àwọn nǹkan wọ̀nyí bá dára ní eré mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ lórí ẹgbẹ́ tó lágbára, nígbà náà ni kí ẹ máa retí nǹkan. Ẹ má fi eré kan ṣoṣo pinnu, ì báà dùn, ì báà korò. Florida State tí Olùkọ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹn na Alabama ní 31 sí 17 ní eré àkọ́kọ́ wọn ní 2025, orílẹ̀-èdè mì tìtì. Eré márùn-ún péré ni wọ́n borí nígbà tí sáà parí.

Ọmọ Ọbańta, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ọlọ́run yóò san án fún yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ìtàn Florida State sì wọ̀ ọ́ lára. Ó ní òun kò ní dárúkọ ife mọ́ títí oṣù Kẹwàá yóò fi dé, ṣùgbọ́n ó ní kí n béèrè bóyá wọ́n máa ń gbé Joe Moore fún àwọn ọmọ náà lójú ìyá wọn. Aago 12 ọ̀sán tiwọn ni eré àkọ́kọ́, ìyẹn aago 5 ìrọ̀lẹ́ tiwa, nítorí náà gbogbo ilé ni yóò wò ó. N óò wá kọ ohun tí mo rí ní ìgbìyànjú kẹta síbí, kí Àǹtí àti ará Ṣágámù lè bá mi yẹ̀ ẹ́ wò.